Bí A Ṣe Ń Fi Àkọlé Ìròyìn Àtijọ́ Pa Ènìyàn Lẹ́rìn-ín

Ní ọjọ́ 3, oṣù kọkànlá ọdún 1948, ìwé ìròyìn Chicago Daily Tribune gbé e jáde ní ojú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, pé Dewey ti fàgbà han Truman, ààrẹ tí ó wà lórí oyè, nínú ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé ń daṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò náà, èyí tí ó mú kí ilé iṣẹ́ ìròyìn náà máa tètè tẹ̀wé ju bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà wọn kò lè dúró kí wọ́n ka ìbò tán. Ohun tí akọ̀ròyìn wọn kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbára lé. Truman ló wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ní ibùdókọ̀ ojú irin St. Louis, ó dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ìwé ìròyìn náà sókè, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé eyín rẹ̀ hàn gbangba nínú fọ́tò.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé kí a mú irú àkọlé bẹ́ẹ̀, kí a gbà pé òótọ́ pọ́nńbélé ni, kí a sì máa tẹ̀lé ohun tí ì bá ti ìdí rẹ̀ yọ, títí ẹ̀rín yóò fi dé.

Àkọlé tí ẹ óo yàn ni ìdajì iṣẹ́ náà. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, tí wọ́n ń tà ní 120 owó ẹyọ, máa ń sọ iye owó òwú àti ìrìn-àjò àwọn míṣọ́nnárì. Ó níye lórí púpọ̀ fún ẹni tí ó ń wá ìtàn, ṣùgbọ́n kò sí ìlérí ńlá nínú iye owó òwú tí a lè tẹ̀lé lọ síbì kan. Bákan náà, nígbà tí The Sun ti New York kọ ọ́ lóṣù kẹjọ ọdún 1835 pé àwọn ènìyàn tí wọ́n ní ìyẹ́ bí àdán ń gbé inú òṣùpá, irọ́ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti jẹ ẹran inú rẹ̀ tán, eegun ló kù fún wa. Àkọlé tí ó dára jù ni èyí tí ẹni tí ó kọ ọ́ dá ara rẹ̀ lójú, tí ó sì ṣìnà.

Ẹ má sì fọwọ́ kan èyí tí ó mú ẹkún wá. Lóṣù kẹrin ọdún 1912, àwọn ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé gbogbo èrò inú ọkọ̀ Titanic ló yè, bẹ́ẹ̀ ni ó lé ní 1,500 ènìyàn tí ó kú sínú omi. Àwọn ẹbí ka ìròyìn náà, wọ́n sì dúpẹ́. Ẹ fi irú rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti yan àkọlé, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì fetí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé inú èdè wa ni ẹ̀fẹ̀ náà sábà máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ wo “fàgbà han”. Truman jẹ́ ẹni ọdún 64 nígbà ìdìbò náà, Dewey sì jẹ́ ẹni ọdún 46. Bí Dewey bá wá fàgbà hàn án lóòótọ́, a jẹ́ pé láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ipò ti yí padà: Truman ní láti dọ̀bálẹ̀ kí i, “Ẹ̀gbọ́n” ni yóò sì máa pè é. Bess, ìyàwó Truman, di ìyàwó kékeré. Yóò máa kúnlẹ̀ kí Frances, ìyàwó Dewey, tí ó ti di ìyáálé rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ jókòó síbi oúnjẹ, Dewey ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe: wọn a fò lọ síbi mìíràn kíákíá. Ẹ jẹ́ kí àbájáde kan bí èkejì. Dewey kọ́kọ́ mú ẹran, ó sì kó o tán. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, nítorí náà Dewey gbé igbá lérí, ó di ilé ààrẹ. Ẹ wá wo ohun tí ìtàn gidi fi sílẹ̀ dè wá: lọ́dún 1948 yìí kan náà, ilé ààrẹ ti jẹrà débi pé ẹsẹ̀ dùùrù Margaret, ọmọ Truman, já ilẹ̀ yàrá lókè lu, tí wọ́n sì ní láti kó jáde kí wọ́n lè tún un kọ́. Dewey ń gun àtẹ̀gùn tìgbátìgbá, Truman sì ń sáré tẹ̀lé e: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn!” Mi ò lè fi ọgbọ́n orí mi hun irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan náà kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan.

Bí iye kan bá wà nínú ìròyìn náà, ẹ dì í mú ṣinṣin. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹwàá ọdún 1903, New York Times ṣírò pé ó lè gba mílíọ̀nù kan sí mílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún kí ènìyàn tó fi ẹ̀rọ fò. Ọjọ́ 69 lẹ́yìn náà, Orville àti Wilbur Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, fi ẹ̀rọ fò ní ìtòsí Kitty Hawk ní Amẹ́ríkà fún ìṣẹ́jú-àáyá 12, ẹsẹ̀ bàtà 120. Ká ní ìwé ìròyìn ló jàre, ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí London lónìí yóò pe ẹbí jọ láti pinnu ẹni tí yóò jogún ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọn yóò sì jà lé gàrí tí bàbá ńlá ti dì sínú báàgì.

Ní ti ọ̀nà ìkọ̀wé, ẹ lo ohùn akọ̀ròyìn tí ń jábọ̀: ọjọ́, ibi, orúkọ, ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe kìlọ̀ fún òǹkàwé pé ẹ̀rín ń bọ̀. Ẹ dúró síbi tí àbájáde tí ó kàn bá ti kéré sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ ìwé ìròyìn náà àti ọjọ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kọ òtítọ́ tì í, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp lè má rí òkè rẹ̀. Ní ti tiwa yìí, ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni pé Truman ló wọlé, pẹ̀lú ìbò aṣojú (ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tí ń yan ààrẹ) 303 sí 189 ti Dewey.