Fóònù Owó Kì í Ṣe Fóònù Ọmọ
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ìdílé

Owó ajílẹ̀ ẹgbẹ́ kan ló mú wa kọ ìwé yìí. ₦186,000 ni. Akápò ẹgbẹ́ wà ní oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, fóònù rẹ̀ wà nílé lọ́wọ́ ọmọ ọdún 7 tó ń wo eré. Ẹnì kan pè, ó ní láti báńkì ni òun ti ń pè. Káàdì ATM wà nínú àpò fóònù, ọmọ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Ó mọ PIN, torí òun ló máa ń bá bàbá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí nọ́ńbà mẹ́fà tí báńkì fi ń mọ̀ pé olówó ló ń gbé owó wọlé, ó kà á pẹ̀lú, ó tún un kà nígbà tí ẹni náà ní òun kò gbọ́ dáadáa. Nígbà tí akápò fi máa ti oko dé, álẹ́ẹ̀tì méjì ló bá lórí fóònù, ọmọ sì ń wo eré rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń tan fóònù, bí wọ́n ṣe ń ra dátà, ẹ mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kan ṣoṣo là ń bá pàdé láti abúlé dé abúlé: fóònù tí owó ń gbà wọlé náà la ń nà sí ọmọ kó má baà sunkún. A ti sọ ọ́ ní ìpàdé mẹ́ta tẹ̀léra. Ẹni tó ń gbé oògùn kòkòrò sókè àjà kí ọwọ́ ọmọ má baà tó o, òun náà ló ń fi owó iṣẹ́ odindi ọdún lé ọmọ lọ́wọ́, tó gbé ọkọ́ lé èjìká, tó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ ya fóònù sọ́tọ̀

Síìmù tí báńkì mọ̀ yín sí, inú fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ni kó wà. Ó ṣe é tẹ kóòdù báńkì, ó sì ń gba álẹ́ẹ̀tì. Òun ni yóò máa bá yín lọ sóko, nínú àpò ṣòkòtò tàbí ní ìdí ìró. Fóònù ńlá tí ẹ fi ń lo WhatsApp, ẹ yọ áàpù báńkì kúrò lórí rẹ̀, ẹ fi síìmù mìíràn sí i, kí káàdì ìpè inú rẹ̀ má ju ₦500 lọ. Èyí lọmọ lè fọwọ́ kàn. Ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ rédíò.

Káàdì ATM kò gbọdọ̀ sí nínú àpò fóònù kankan. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá nígbà tí à ń yọ wọ́n lẹ́yìn fóònù, tí àwọn kan tún kọ PIN sí ara bébà tí wọ́n fi wé e.

Ẹ fi PIN nọ́ńbà mẹ́rin ti síìmù owó pa, kó má jẹ́ ọdún ìbí. Tí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò tì, PUK, ìyẹn nọ́ńbà ìṣíwọlé tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni síìmù, ni yóò ṣí i. Ẹ má méfò PUK: ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ti pa síìmù náà nìyẹn.

Àwọn kan ń sọ pé àwọn kò mọ̀wé, ọmọ ló ń bá àwọn tẹ PIN. Ẹni tó ń ka ebè 200 tí kò ṣì í kà lè mọ nọ́ńbà mẹ́rin. Ìṣẹ́jú 10 lálaalẹ́ fún ọjọ́ 7 ti tó. Kí ọmọ fi èédú kọ 0 dé 9 sára ògiri, kó kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni yóò tẹ PIN, kí ojú ọmọ wà níbòmíràn.

Ohun tí ọmọ yóò sọ

Ibí ló le jù. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé bí àgbà bá béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n dáhùn. Ohùn tó bá sì ń sọ pé, “Ọmọ dáadáa, màmá ńkọ́?” àgbà ni létí ọmọ. Ìdí nìyẹn tí “má bá àjèjì sọ̀rọ̀” kò fi ràn án. Ẹ fún un ní gbólóhùn kan, kó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ bàbá rẹ̀:

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn ò sí nítòsí. Ẹ padà pè wọ́n lálẹ́.”

Kó pa fóònù lẹ́yìn náà, kò gbọdọ̀ dúró gbọ́ èsì. Ẹ sọ fún un lójú ìyá àgbà pé èyí kì í ṣe àrífín, torí bí ìyá àgbà kò bá fara mọ́ ọn, ọmọ kò ní ṣe é.

Ní ilé kan tí a ti dán an wò, ìyá dúró sẹ́yìn ilé ìdáná, ó yí ohùn padà, ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún 6. A ti kọ nọ́ńbà mẹ́fà sí bébà síwájú ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó ń fi ìka tọ́ nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà á tán pátá. Fóònù ló ń kúnlẹ̀ fún. Lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n kò lè pa á, ojú wa ló ń wò. Ìgbà kẹrin ló tó pa á, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ sáré wọlé, ó gbé e mọ́ra. Ẹ ṣe irú rẹ̀ ní ìgbà 5 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó wá di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ọmọ má sì mọ ọjọ́ tí ẹ máa pè.

Ohunkóhun tó bá yọjú lórí fóònù tó ní ọmọ ti jẹ ẹ̀bùn, tàbí tó ní kó tẹ “Yes”, kó gbé e wá bá àgbà láì tẹ̀ ẹ́. Bí káàdì ìpè bá ń parẹ́ láìpe ẹnikẹ́ni, ẹ tẹ *305#, ẹ fagi lé ohun tí wọ́n ti bá yín forúkọ sílẹ̀ fún.

Ìwọ̀n

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2019 ni kí ẹ tẹ̀ lé: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọdọ̀ jókòó wo fóònù rárá, ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 1 lóòjọ́. Ọmọ tó ti ń lọ síléèwé, ìmọ̀ràn tiwa ni ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn iṣẹ́ àṣetiléwá, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí 1 ṣáájú oorun. Kò gbọdọ̀ lò ó nígbà tí fóònù bá ń gba iná lọ́wọ́. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ kó o kúrò nílé.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ pe nọ́ńbà báńkì tó wà lẹ́yìn káàdì ATM láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ ní kí wọ́n dí àkáǹtì. Kí nọ́ńbà yìí ti wà lára ògiri tẹ́lẹ̀. Ẹ má na ọmọ. Akápò tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, pàṣán ló kọ́kọ́ mú. Álẹ́ẹ̀tì kẹta wọlé nígbà tí ọmọ ń ké lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n bá nà torí pé ó sọ òtítọ́, ìgbà mìíràn yóò pa álẹ́ẹ̀tì rẹ́ kí ẹ tó dé.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, ẹ mú fóònù kékeré wá, ẹ fi ńlá sílé pẹ̀lú ọmọ. A ó pe ilé mẹ́ta láti ibẹ̀, kí gbogbo wa jọ gbọ́ ohun tí ọmọ yóò sọ.