Tapólì fún iṣẹ́ ńlá: bí ẹ ṣe máa yàn án, àti ohun tí ẹ máa kọ sórí ìwé kí ẹ tó sanwó

Tí ẹ bá dé ọjà ní Àkúrẹ́ tí ẹ ní tapólì ni ẹ ń wá, ohun méjì ni ọlọ́jà máa bi yín: báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kó fẹ̀ tó, àwọ̀ wo sì ni. Kò sí èyí tó sọ bóyá tapólì náà á rọ́jú òjò oṣù Kẹsàn-án nínú méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan àwọ̀ tó wù ú, nítorí náà búlúù lè nípọn, ó sì lè fẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ "heavy duty" tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kò dúró fún òdiwọ̀n kankan tí ẹ lè gbé sórí ìwọ̀n. Ohun mẹ́ta ló ń sọ agbára tapólì: bó ṣe wúwo tó lórí mítà onígun mẹ́rin kan, aṣọ tó wà láàárín rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ṣe etí rẹ̀.

Ohun tó fẹ́ pa á ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Iṣẹ́ ló ń yan tapólì. Èyí tó ń bo òkúta lórí típà, etí òkúta tó mú ló ń gé e, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló sì ń gbọ̀n ọ́n títí yóò fi ya. Èyí tó wà lórí pákó ní síọ́míìlì, oòrùn ló ń pa á, torí ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ti sìmẹ́ǹtì níbi ìkọ́lé, omi ni, láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Ti kòkó yàtọ̀ pátápátá, a ó padà sórí rẹ̀.

Ojú ọjọ́ wa náà ní tirẹ̀. Oṣù Kẹta àti Kẹrin ni ìjì máa ń ṣáájú òjò, ìgbà yẹn sì ni òrùka etí tapólì máa ń já jù. Òjò á wá rọ̀ gan-an ní oṣù Kẹfà àti Keje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, á tún padà ní Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku ni ẹ máa rí, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán ṣì wà níbẹ̀ tó ń jẹ ọ̀rá. Tapólì tí ẹ bá rà fún ọdún kan gbọ́dọ̀ lè gba gbogbo èyí.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é

Irú kìíní ni tapólì ọ̀rá tí wọ́n hun. Ọ̀rá pọlitíìnì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun bí ẹní, wọ́n sì da ọ̀rá mìíràn lé e lójú méjèèjì. Ó fúyẹ́, kò gbówó lórí, kò sì ń fa omi. Èyí tó wà lọ́jà máa ń wà láàárín gíráàmù 60 sí 300 lórí mítà onígun mẹ́rin. Tí kò bá tó 150, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ fi í ṣe. Láti 200 sókè ni a lè fi bo ẹrù tó máa pẹ́ níta. Tí wọn kò bá pò èròjà tó ń dènà ìtànṣán oòrùn mọ́ ọn, oṣù díẹ̀ ló máa fi di ìyẹ̀fun. Gọ́ọ̀mù kì í sì í mú un dáadáa, nítorí náà lílẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́.

Irú kejì ni PVC: aṣọ poliẹ́sítà ló wà ní àárín, ike rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní PVC sì bò ó lójú méjèèjì. Gíráàmù 500 sí 900 ni. Fún tírélà àti típà, 650 ni ẹ béèrè. Tí ẹrù bá ní etí mímú, bí òkúta fífọ́, irin tàbí páànù, ẹ lọ sí 900. A lè fi atẹ́gùn gbígbóná jó o pọ̀, a lè lẹ̀ ẹ́, a sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ìṣòro: tapólì tó fẹ̀ ní mítà 10, tó gùn ní mítà 12, tó sì jẹ́ gíráàmù 650 máa wọ kílò 78. Ẹni méjì kò lè fi ìrọ̀rùn gbé e gun orí ọkọ̀. Ó sàn kí ẹ ra méjì tó kéré tí ẹ lè so pọ̀ ju ọ̀kan ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa wọ́ lórí kọnkéré.

Kánfáásì òwú ṣì wà. Ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, kì í sì í jẹ́ kí ẹrù làágùn. Ṣùgbọ́n tí ó bá rin, ó ń wúwo gidigidi, tí ẹ bá sì ká a ní tútù, ó ń jẹrà. Fún iṣẹ́ níta lásìkò òjò, a kò gbà yín nímọ̀ràn láti lò ó.

Ní ti àwọ̀, dúdú ló ń pẹ́ lóòrùn jù nínú tapólì ọ̀rá, torí èédú tí wọ́n pò mọ́ ọn ń gba ìtànṣán kó tó ba ọ̀rá jẹ́. Àmọ́ abẹ́ rẹ̀ ń gbóná. Tí ẹrù yín kò bá fẹ́ ooru, èyí tí òde rẹ̀ jẹ́ fàdákà tí inú rẹ̀ sì dúdú ló yẹ.

Tí àwọn tó ń jó irin bá wà nítòsí, ẹ má ṣe lo tapólì ọ̀rá rárá. Ó ń jó, ó sì ń kán iná sílẹ̀. PVC tí wọ́n fi èròjà adènà-iná sí máa ń kú tí iná bá kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ta iná ṣì lè lu ú. Aṣọ fíbágíláàsì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ wẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ ta síbẹ̀.

Kòkó

Ẹ má ṣe sá kòkó sórí PVC, ẹ má sì fi bò ó kó fara kàn án. Òróró ló ń jẹ́ kí PVC rọ̀, ọ̀rá inú kòkó sì lè fa nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Tapólì ọ̀rá tuntun tó yẹ fún oúnjẹ ni kí ẹ rà, tí kò ní òórùn. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá àlòkù ṣe máa ń rùn bíi kẹrosíìnì. Tí imú yín bá gbọ́ ọ, ẹni tó ń ra kòkó náà máa gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó ń ba kòkó jẹ́ jù ni bíbò ó pa nígbà tí kò tíì gbẹ. Kòkó tó gbẹ dáadáa, omi inú rẹ̀ kì í ju ìdá 7 sí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kó tó débẹ̀, omi ṣì ń jáde lára rẹ̀. Tí ẹ bá fi tapólì wé e pinpin lálẹ́, omi náà á dì sí abẹ́ tapólì, á sì kán padà, kòkó náà á sì bu. Ẹ fi igi gbé tapólì sókè bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí kòkó, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà ní ṣíṣí. Bákan náà ni fún pákó tútù: orí nìkan ni kí ẹ bò, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀.

Etí ni tapólì ti ń kú

Tapólì kì í sábà ya láti àárín. Etí ni, àti igun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìjì tó ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan ń ti mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan bíi kílò 25. Tapólì mítà 6 sí mítà 8 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 48, nítorí náà nǹkan bíi kílò 1,200 ló ń fà á. Gbogbo etí rẹ̀ yíká jẹ́ mítà 28. Tí òrùka bá wà ní mítà kan síra, òrùka 28 ló máa pín in, kílò 43 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 síra, òrùka 56 ni, ó di 21. Ìjì kì í sì í pín in dọ́gba: igun ló ń gba púpọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé sẹ̀ǹtímítà 50 ni, kì í ṣe mítà kan.

Ìṣẹ́tí gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5, kí okùn sì wà nínú rẹ̀ yíká. Okùn yẹn ló ń gba agbára. Òrùka tí kò ní okùn lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ lásán ló dì mú. Òrùka idẹ tàbí irin tí kì í dípẹtà dára ju alumíníọ̀mù lọ. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní láti ní aṣọ àfikún.

Níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, PVC gbọ́dọ̀ jẹ́ jíjó, kí ojú kan gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 4 ó kéré tán. Gbogbo ihò abẹ́rẹ́ ló ń jò. Tí rírán kò bá ṣeé yẹ̀, kí òwú jẹ́ poliẹ́sítà. Tí ẹ bá sì ń ta á, kí etí ìsopọ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò páànù, kí omi lè ṣàn kọjá lórí rẹ̀.

Wíwọn ẹrù

Ẹ má ṣe wọn ọkọ̀ nìkan, ẹ wọn ẹrù tó ga ju etí rẹ̀ lọ. Ká ní inú típà gùn ní mítà 5.5, ó sì fẹ̀ ní mítà 2.3, tí òkúta sì ga ju etí lọ ní sẹ̀ǹtímítà 40 láàárín. Ẹ fi téèpù wọn ọ́n gba orí òkìtì: ìbú á di nǹkan bíi mítà 2.44, òró á di 5.56. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 45 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó lè rọ̀ sílẹ̀. Ó di mítà 3.34 níbùú, mítà 6.46 lóòró. Mítà 3.5 sí 6.5 ni ẹ máa béèrè.

Ẹ kọ ọ́ pé ìwọ̀n yẹn jẹ́ ìwọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán. Ọ̀pọ̀ ló ń ta ìwọ̀n aṣọ kí wọ́n tó ṣẹ́ etí rẹ̀, ìṣẹ́tí sẹ̀ǹtímítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ méjì sì ti jẹ sẹ̀ǹtímítà 10 nìyẹn, ká má tíì sọ ti ìsopọ̀.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ ọlọ́jà

Ẹ gbé odindi rẹ̀ sórí ìwọ̀n, kí ẹ pín in sí iye mítà onígun mẹ́rin rẹ̀. Tapólì mítà 8 sí mítà 10 tí wọ́n pè ní 650 gbọ́dọ̀ wọ kílò 52, kó lé díẹ̀ nítorí okùn àti òrùka. Tí ó bá wọ kílò 40, 500 ni wọ́n ń tà fún yín lówó 650. Bó bá jẹ́ àpẹẹrẹ aṣọ ni wọ́n fún yín, ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, ẹ gbé e lọ sórí ìwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà, kí ẹ fi 100 sọ iye gíráàmù náà di púpọ̀.

Ẹ ju àjákù kékeré sínú omi: pọlitíìnì ń léfòó, PVC ń rì. Ẹ nà án sí oòrùn kí ẹ wo ihò tín-tìn-tín. Ẹ fi èékánná gbìyànjú láti ṣí ìbòrí kúrò lára aṣọ ní etí tí wọ́n gé. Tí ó bá ń ṣí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi púláyà fa ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀: tí jíjó náà bá dára, ìbòrí ló máa bó kúrò tí ẹ ó sì rí òwú funfun. Tí ojú méjèèjì bá yà lára wọn tó ń dán, iná kò tó nígbà tí wọ́n jó o.

Ìwé tí ẹ máa fún ẹni tó ń ṣe é lè rí báyìí: "Tapólì PVC, 3.5 m × 6.5 m lẹ́yìn ṣíṣe, ẹyọ mẹ́rin. Gíráàmù 650 lórí mítà onígun mẹ́rin, kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Aṣọ inú poliẹ́sítà 1000 denier, òwú 20 × 20 nínú ínǹṣì kan. Èròjà adènà-oòrùn wà lójú méjèèjì. Ìṣẹ́tí 5 cm ìlọ́po méjì, okùn nínú rẹ̀ yíká. Òrùka idẹ, ihò rẹ̀ 12 mm, 50 cm síra. Igun mẹ́rin ní àfikún aṣọ. Ìsopọ̀ jíjó, 4 cm. A ó wọn ìwúwo kí a tó gbà á." Denier ni òdiwọ̀n bí òwú ṣe nípọn tó. Gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìwé náà ṣe pàtàkì, ẹ má yọ ọ́.

Títa, títọ́jú, lílẹ̀

Kí omi má ṣe dúró lórí rẹ̀. Omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 lórí ibi tó jẹ́ mítà 2 sí mítà 2 jẹ́ kílò 400. Ẹ jẹ́ kí àárín ga ju etí lọ ní sẹ̀ǹtímítà 30 fún mítà kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín wọn. Sìmẹ́ǹtì ní láti wà lórí pákó tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀, nítorí tapólì kò lè dá omi tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ dúró.

Níbi tí etí mímú bá wà, ẹ fi àjákù táyà tàbí àpò kòkó tó ti gbó sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀já chúùbù táyà dára láti fi so ó ju okùn tí kì í nà lọ, torí ó ń gba ìjì kó tó dé ara òrùka. Lórí ọkọ̀, ẹ má gbára lé òrùka nìkan. Ẹ fi okùn tàbí nẹ́ẹ̀tì gba orí rẹ̀ kọjá. Tapólì tó ń gbọ̀n láti Oǹdó dé Àkúrẹ́ lójú ìlà kan náà, ìbòrí rẹ̀ á fọ́ lórí ìlà yẹn.

Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Pẹtiróòlù àti tínà ń fa òróró inú PVC jáde, á sì gan. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó ká a, ẹ má ká a sójú ìlà kan náà nígbà gbogbo, ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí eku.

Tí PVC bá ya, ẹ fi spírítì nu ojú rẹ̀, ẹ gé àlẹ̀mọ́ tó kọjá ojú yíya ní sẹ̀ǹtímítà 5 yíká, kí igun rẹ̀ rí róbótó, torí igun mímú ló ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ pa gọ́ọ̀mù PVC sójú méjèèjì, kí ẹ sì fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tapólì ọ̀rá tí ẹ fọwọ́ pa tí ìyẹ̀fun fi mọ́ yín lọ́wọ́, tàbí PVC tí ẹ ṣẹ́ tí ìbòrí rẹ̀ fọ́, ẹ má gbé e sójú òjò mọ́: ẹ gé e, kí ẹ fi tẹ́ abẹ́ yanrìn.