Bí mo ṣe yí kọ́ọ̀bù padà sí gírámù, tí kéèkì mi fi dúró sójú kan

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yan kéèkì tà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, àmọ́ kéèkì kan wà tó ń fojú mi rí màbo, lónìí á rọ̀ múlọ́múlọ́, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e á gbẹ bíi búrẹ́dì àná. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni mo ti rí i kọ́, kọ́ọ̀bù ni wọ́n sì fi ka gbogbo ẹ̀, fláwà mẹ́ta, ṣúgà méjì, bọ́tà kan. Ìgbà tí Iléyá ń bọ̀, tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní kí n bá àwọn ṣe ogún kéèkì fún Ojúde Ọba, ẹ̀rù bà mí. Ogún! Tí mẹ́wàá bá rọ̀ tí mẹ́wàá gbẹ ńkọ́?

Ni mo bá lọ ra síkéèlì oníbátìrì ní Òkè-Ajé. Omi ni mo kọ́kọ́ wọ̀n, torí mílílítà omi kan, gírámù kan ni. Mo gbé kọ́ọ̀bù mi sórí ẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a padà sí òdo, mo rọ omi kún un dé ẹnu, ó gbé 250 gírámù wá. Háà! Kọ́ọ̀bù ti Amẹ́ríkà, bíi 237 ni. Àṣé tèmi ti tóbi ju tiwọn lọ látọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ẹyin tí mo ń fọ́ sí i ò yí padà.

Fláwà ni ọ̀rọ̀ wà jù. Mo fi ṣíbí bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, mo fẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ẹ̀ kó dọ́gba, 126. Mo dà á padà, mo wá ti kọ́ọ̀bù bọnú àpò bí mo ṣe máa ń ṣe, 149. Mo tún fi ìdí kọ́ọ̀bù gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, fláwà yẹn rọra wọlẹ̀, mo bu òmíràn dí i, 170. Kọ́ọ̀bù kan náà o! Tó bá wá di kọ́ọ̀bù mẹ́ta, láàárín ti ṣíbí àti ti inú àpò, ó fi 69 gírámù jura lọ, ìyẹn ju ìdajì kọ́ọ̀bù lọ.

Mo pe màmá mi pé kí wọ́n wá wò ó. Gàrí ni wọ́n ń tà, wọ́n ní, "Ṣé bí kóńgò náà ṣe rí kọ́ nìyẹn? Ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n, ó máa gbà ju ẹni tí wọ́n bù fún fẹ́rẹ́ lọ." Òótọ́ pọ́ńbélé.

Ṣúgà ò yọ mí lẹ́nu, kò ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi fláwà. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé ní gírámù, bí kọ́ọ̀bù ti Amẹ́ríkà ṣe ń gbà á, kì í ṣe tèmi: fláwà 375, ṣúgà 400, bọ́tà 227. Bọ́tà yẹn ló dùn mọ́ mi jù, kò sí pé à ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́ọ̀bù kí ọwọ́ àti kọ́ọ̀bù máa yọ̀ mọ́, ẹ kàn gé e sórí síkéèlì ni. Bákìn páúdà ni mo fi sílẹ̀ sí ṣíbí tíì, síkéèlì mi ò mọ nǹkan tó kéré tóyẹn dáadáa.

Ọjọ́ méjì ni mo fi yan ogún náà. Gbogbo wọn ga dọ́gba. Àǹtí tó wá kó wọn tẹ ọ̀kan, ó tẹ òmíràn, ó ní òun ò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ yan nínú ẹ̀.