Bí Mo Ṣe Yẹ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Penn State Wò Ní Ìsọ̀rí-ìsọ̀rí Ní Oṣù Kẹsàn-án Ọdún 2023

Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Penn State na Iowa ní 31 sí 0 ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì ti borí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú àwa Yorùbá tí a jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Maryland dùn púpọ̀, pàápàá nítorí pé ọmọ wa kan tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ìpínlẹ̀ yìí, Olumuyiwa Fashanu, tí wọ́n ń pè ní Olu, wà lára àwọn òpó ẹgbẹ́ náà. Síbẹ̀, ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Iye àmì ayò tí ẹgbẹ́ kan bá gbà nínú oṣù Kẹsàn-án kì í fi ibi tí agbára wọn wà hàn, kì í sì í fi ibi tí ó ti ń jò hàn. Mo pinnu láti yẹ wọ́n wò ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, kí n sì ti kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ bá Ohio State ní ìlú Columbus ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá.

Ó ní ìdí tí mo fi dúró di ẹ̀yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin. Láti ọdún 2018 ni òfin NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ti fàyè gba agbábọ́ọ̀lù láti kópa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí kò ju 4 lọ nínú sáà kan láì jẹ́ pé wọ́n ka sáà náà mọ́ iye ọdún tí ó lè fi gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì. Nítorí èyí, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń gbé àwọn ọmọ tuntun wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, àgàgà nígbà tí èsì bá ti dájú. Tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin bá ti kọjá, wọ́n ní láti pinnu ẹni tí wọn yóò máa lò, ẹni tí a bá sì ń rí lẹ́yìn ìgbà náà ni a lè kà mọ́ ìsọ̀rí rẹ̀ ní tòótọ́.

Ìwé nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ ṣe. Aṣọ Penn State kì í ní orúkọ agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn, nọ́ńbà nìkan ni ó máa ń wà níbẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò bá há nọ́ńbà sórí kò lè mọ ẹni tí ó ń wò. 74 ni Fashanu; 15 ni Drew Allar, quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́) tí ó jẹ́ pé ọdún náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀; 10 àti 13 ni Nick Singleton àti Kaytron Allen tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ẹni méjì ni ó sì ń wọ 44: Tyler Warren ní ìhà ìkọlù, àti Chop Robinson ní ìhà ìgbèjà.

Lẹ́yìn èyí, mo gbé àwọn alátakò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ìwọ̀n. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, Penn State na West Virginia ní 38 sí 15. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n na Delaware ní 63 sí 7. Wọ́n wá lọ sí ilé Illinois, wọ́n sì borí níbẹ̀ ní 30 sí 13, kí Iowa tó wá bá wọn nílé. Delaware kò sí ní ìpele kan náà pẹ̀lú wọn nígbà náà, ìpele FCS, tó wà nísàlẹ̀ ti Penn State, ni wọ́n ti ń gbá, nítorí náà n kò fi ohunkóhun tí mo rí lọ́jọ́ náà gbé ẹnikẹ́ni ga. Bí àwọn tó wà lẹ́yìn àwọn àgbà ṣe ń ṣe ni mo wò níbẹ̀. Iowa gba ìṣọ́ra tiwọn lọ́tọ̀. Ìgbèjà wọn le, kò sí ẹni tó ń wo Big Ten, ìdíje tí Penn State àti Iowa jọ wà, tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ìkọlù wọn ti kú tipẹ́ débi pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn Brian Ferentz, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń darí ìkọlù náà, pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba àmì ayò 25 ní ìpíndọ́gba. Mo lè fi Iowa wọn ìkọlù Penn State láì bẹ̀rù, ṣùgbọ́n mo ní láti yọ púpọ̀ kúrò nínú oríyìn tí mo bá fẹ́ fi wọ́n fún ìgbèjà.

Òfin kan tún yí padà lọ́dún náà tí kò yẹ kí olùyẹ̀wò gbàgbé. Aago kì í dúró mọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá gba first down (ìyẹn tí wọ́n bá rí yáàdì 10 láàárín ìgbìyànjú mẹ́rin), àfi ní ìṣẹ́jú 2 tó kẹ́yìn ìdajì kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní láti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù dín kù nítorí èyí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pín yáàdì sórí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan, dípò kí n kàn gbé àròpọ̀ ọdún 2022 sí ẹ̀gbẹ́ ti 2023.

Bí mo ṣe wo fídíò wọn nìyí. Mo máa ń jẹ́ kí ìgbìyànjú kan kọjá bí ó ti rí kí n lè mọ ibi tí bọ́ọ̀lù lọ, lẹ́yìn náà ni mo ń dá a padà tí n kò ní wo bọ́ọ̀lù rárá, ìsọ̀rí kan ṣoṣo ni n ó tẹjú mọ́ títí fèrè yóò fi dún. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n máa ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, nítorí náà àwọn wide receiver (tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù) àti àwọn safety (tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ìgbèjà) máa ń jáde kúrò nínú àwòrán kí wọ́n tó parí iṣẹ́ wọn. Àtúnfihàn láti òkè nìkan ni ó ń fi wọ́n hàn dáadáa, kò sì wọ́pọ̀. Ibi tí n kò bá ti rí agbábọ́ọ̀lù kan, n kì í kọ ohunkóhun sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀.

Ìlà iwájú ìkọlù ni mo fi àkókò tó pọ̀ jù lọ wò, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Fashanu ni left tackle, ìyẹn ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun òsì ìlà náà, ibi tí quarterback tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù máa ń kọ ẹ̀yìn sí. Ó bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8 ní ọdún 2022, kò sì sí alátakò kankan tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá lọ gbé quarterback ṣánlẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ̀lé e láì gbé sókè jù, ìdí rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì nàró. Ọwọ́ rẹ̀ kì í yá jáde. Yóò dúró kí ẹni tó ń bọ̀ kọ́kọ́ na ọwọ́ tirẹ̀ tán, ìgbà yẹn ni yóò wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dá a dúró láyà, ẹni náà á sì dà bí ẹni tó sáré lu ògiri. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó tóbi tó o ni ó máa ń sáré na ọwọ́, tí wọ́n á wá tẹ̀ síwájú jù, tí alátakò á gba abẹ́ ọwọ́ wọn kọjá. Sùúrù tí mo rí nínú ọwọ́ ọmọ yìí ni mo kọ sílẹ̀ ju títóbi rẹ̀ lọ.

Ìlà náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo ṣá. Hunter Nourzad, tó wá láti Cornell, ti kúrò ní ipò guard, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ẹni àárín, bọ́ sí àárín gan-an, Caedan Wallace wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, wọ́n sì ń gbé ọ̀dọ́mọkùnrin Drew Shelton wọlé láàárín eré gẹ́gẹ́ bí tackle kẹta. Nínú ìdáàbòbò fún ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, mo fún ìsọ̀rí yìí ní ipò tó ga jù lọ nínú ìhà ìkọlù. Nínú ṣíṣí ọ̀nà fún àwọn tó ń sáré, mo fà sẹ́yìn díẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn running back. Ní ọdún 2022, Singleton fi ẹsẹ̀ sáré yáàdì 1,061, Allen sì sáré 867, ọdún àkọ́kọ́ wọn ní yunifásítì sì nìyẹn. Nínú Rose Bowl tí wọ́n fi parí sáà yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Singleton nìkan sáré yáàdì 87 láìdúró láti gba touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun pápá alátakò. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tí mo ń yẹ̀ wò yìí, n kò rí ohun tó sún mọ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lọ síwájú, wọn kì í sọ bọ́ọ̀lù nù, Allen pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ gba ihò tóóró, ṣùgbọ́n bí mo bá dá àwòrán dúró ní àkókò tí Singleton gba bọ́ọ̀lù, mo máa ń rí i pé àwọn alátakò ti kó ara wọn jọ sí iwájú rẹ̀, safety kan á sì ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Ẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn kò bà wọ́n. Ìbéèrè tó wá gbà mí lọ́kàn ni pé, ta ni kò fún wọn ní ìdí láti bẹ̀rù?

Mo lọ wo Allar àti àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú West Virginia, ó ju bọ́ọ̀lù 29, 21 dé ọwọ́ ẹni tó ni í, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ yáàdì 325, èyí tó ju yáàdì 11 lọ fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Touchdown tó kọ́kọ́ jù, yáàdì 72 sí KeAndre Lambert-Smith, mú kí gbogbo ilé pariwo. Ní Illinois, ó ju 33 fún yáàdì 208, ìyẹn bíi 6.3. Lójú Iowa, ó ju 37 fún yáàdì 166, ìyẹn bíi 4.5. Bọ́ọ̀lù 4 tó jù lọ́jọ́ Iowa di touchdown, kò sì tíì ju bọ́ọ̀lù kankan sọ́wọ́ alátakò láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, nítorí náà ìyìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún un. Mo yìn ín fún ìṣọ́ra náà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n 11, 6.3, 4.5: bí ìgbèjà tó wà níwájú wọn ṣe ń le sí i ni bọ́ọ̀lù ń kúrú sí i.

Mo gbà pé ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn Allar. Parker Washington àti Mitchell Tinsley, wide receiver wọn ní ọdún 2022, ti lọ sí NFL, líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù yìí ṣe iṣẹ́ ṣe. Dante Cephas wá láti Kent State, Malik McClain láti Florida State, kí wọ́n lè dí àlàfo náà. Nínú àtúnfihàn díẹ̀ tí mo rí láti òkè, Allar máa ń wo iwájú, yóò wo ẹ̀gbẹ́, yóò sì padà sí bọ́ọ̀lù kúkúrú, nítorí pé àwọn tó sáré lọ sí ọ̀nà jíjìn kò bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Lambert-Smith nìkan ni mo lè sọ pé ó ń bọ́ lọ́wọ́ cornerback (ẹni tó ń ṣọ́ wide receiver) tó dára. Ìsọ̀rí wide receiver ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ ni Columbus yóò ti dán wọn wò. Àwọn tight end ni ó ń bo àlàfo náà mọ́lẹ̀: Theo Johnson àti Warren tóbi, wọ́n ń dáàbò bo ẹlòmíràn, wọ́n sì lè gba bọ́ọ̀lù nítòsí ìpẹ̀kun pápá alátakò. Touchdown méje-méje ni àwọn méjèèjì gbà kí sáà náà tó parí.

Ìhà ìgbèjà tí Manny Diaz ń darí kò fún mi ní ìyọnu púpọ̀. Robinson, Adisa Isaac àti Dani Dennis-Sutton ń pín iṣẹ́ ìpẹ̀kun ìlà ìgbèjà láàárín ara wọn débi pé ó máa ń ṣòro láti mọ ìgbà tí ìpààrọ̀ wáyé. Iowa rí ìgbìyànjú 33 péré nígbà tí Penn State ní 97, yáàdì 76 sì ni gbogbo ohun tí wọ́n rí mú lọ sílé. Mo yọ tèmi kúrò nínú ìyìn yẹn bí mo ṣe ti sọ. Ọjọ́ Illinois, níbi tí wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ alátakò lẹ́ẹ̀marùn-ún, ni mo gbé ìdájọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn ìgbèjà, ìyẹn àwọn cornerback àti safety, kà jù. Abdul Carter, linebacker (ẹni tó ń dúró lẹ́yìn ìlà ìgbèjà) tó ń wọ 11, ń sáré bí ẹni tó kéré ju bí ó ti tóbi lọ. Àárín ìlà ìgbèjà nìkan ni mo fi sílẹ̀ láì dájọ́. West Virginia ló tẹra mọ́ fífi bọ́ọ̀lù sáré gba ibẹ̀ jù, wọ́n rí ilẹ̀ díẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n èyí kò tó láti fi kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó kọ́kọ́ ń gbá field goal (gbígbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó fún àmì ayò 3) pàdánù méjì lọ́jọ́ West Virginia, Alex Felkins tó wá láti Yunifásítì Columbia sì gba ipò náà.

Nígbà tí ọjọ́ Columbus dé, Penn State pàdánù ní 20 sí 12. Nínú ìgbìyànjú kẹta 16, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n rí yáàdì tí wọ́n nílò. Allar ju bọ́ọ̀lù 42 fún yáàdì 191, èyí tó jẹ́ bíi 4.5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọjọ́ Iowa gẹ́lẹ́. Mo fi ohun tí mo kọ nípa àwọn wide receiver sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́. Ìgbèjà ni mo gbé sókè sí i, nítorí pé bí Marvin Harrison Jr., wide receiver Ohio State, tilẹ̀ gba bọ́ọ̀lù 11 fún yáàdì 162, àmì ayò 20 péré ni wọ́n jẹ́ kí Ohio State gbà nílé ara wọn.

Àárín ìlà ìgbèjà ṣì wà lófìfo nínú ìwé mi títí di ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, nígbà tí Michigan wá sí Beaver Stadium, tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù sáré nínú ìgbìyànjú 32 léraléra, tí wọ́n sì borí ní 24 sí 15. Bọ́ọ̀lù 8 péré ni quarterback wọn jù lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí ohun kọ síbẹ̀.