Ọmọ ilé ìwé tó ń ṣeré ìdárayá, tó wá kú láìtọ́jọ́: bẹ́ ẹ ṣe lè rántí ẹ̀ bó ṣe yẹ

Ẹ kú ìrọ́jú o. Tó bá jẹ́ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí tíìmù yín lẹ ṣe ń ka èyí, mo bá yín kẹ́dùn gan-an, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún rí irú ẹ̀ mọ́. Kóòṣì eré sísá ni mí. Èmi náà ti pàdánù ọmọ kan, ọmọbìnrin ọdún 16, òun ló máa ń sá ipò kẹta nínú rílèè wa, ìyẹn eré tí ẹni mẹ́rin máa ń sá tẹ̀ léra, tí wọ́n ń fún ara wọn ní igi, òun ni ẹni kẹta. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn gbogbo wa fẹ́ ṣe nǹkan, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ ká ṣe, a ṣe àwọn kan tó dáa, a sì ṣe àwọn kan tí mi ò bá má ti ṣe ká ní ẹnì kan ti bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn òbí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé fọ́tò sórí WhatsApp, kẹ́ ẹ tó tẹ aṣọ, kẹ́ ẹ tó dá owó, ẹ lọ bá wọn ná. Kẹ́ ẹ má kó ara yín lọ bí èrò o, ẹni méjì ti tó, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí àwọn òbí mọ̀ dáadáa, kó sì jẹ́ ẹni yẹn nìkan lá máa pè wọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ, torí bí kóòṣì bá pè, tí tíṣà pè, tí ọ̀gá ilé ìwé náà tún pè, gbogbo ìgbà ni wọ́n á máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ó máa ń pa èèyàn lára. Ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ ká máa pè é, torí orúkọ tá a mọ̀ ọ́n sí lórí pápá lè má jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé. Ẹ béèrè fọ́tò tí wọ́n fẹ́. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè sọ ohun tó pa á fáwọn ọmọ yòókù. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọn ò fẹ́ rárá, ìyẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù.

Àwa ò béèrè ti fọ́tò. Fọ́tò ibi tó ti ń fi gbogbo agbára ẹ̀ sáré la lò, ojú ẹ̀ ti fún pọ̀, iṣan ọrùn ẹ̀ ti yọ síta, lójú tèmi fọ́tò akínkanjú nìyẹn. Nígbà tí màmá ẹ̀ wọlé tó rí i, ńṣe ló yíjú kúrò. Ó ní, "Kóòṣì, ó dà bíi pé nǹkan ń dùn ún." Lẹ́yìn náà ló fi èyí tóun fẹ́ràn ránṣẹ́ sí mi, ọmọ náà gbé ìgò omi mẹ́rin dání, tiẹ̀ àti tàwọn mẹ́ta yòókù, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Títí dòní èyí yẹn là ń lò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ fáwọn ọmọ tíìmù, ẹ kó wọn jọ sójú kan kí fóònù tó sọ fún wọn, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ti rí i dájú pé ẹbí ti gbọ́. Ẹ pè é ní ikú. Àwọn ọmọ tó ti tó ọdún 12 tàbí 15, tẹ́ ẹ bá ń sọ fún wọn pé ó lọ sinmi, pé ó ti sùn, ẹ kàn ń dà wọ́n lọ́kàn rú ni. Kẹ́ ẹ má fagi lé ìdánrawò ọjọ́ yẹn pátápátá, kẹ́ ẹ má sì fipá mú ẹnikẹ́ni ṣe é. Ẹ ṣí pápá sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ sáré sáré, kí ẹni tó bá fẹ́ jókòó jókòó, kí àgbàlagbà bíi mélòó kan wà láàárín wọn. Ọmọkùnrin kan wà nínú tiwa tó sáré yí pápá ká láìdúró títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò bá a sọ̀rọ̀, mo kàn dúró níbẹ̀ tó fi parí.

Ó wá ku ohun tí mo rò pé òun ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Ẹ wá nǹkan kékeré kan tó jẹ́ tọmọ yẹn nìkan, tí ẹlòmíì kì í ṣe, kó jẹ́ pé òun lẹ máa fi rántí ẹ̀. Àwòrán ńlá dáa, ife ẹ̀yẹ náà dáa, ṣùgbọ́n ọmọ mìíì náà lè ní wọn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1990. Hank Gathers, ọmọ ọdún 23, ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún yunifásítì Loyola Marymount ní California, òun ló gba bọ́ọ̀lù wọlé jù, òun náà ló gba bọ́ọ̀lù tí kò wọlé mú jù láàárín gbogbo àwọn yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà ní sáà tó ṣáájú. Ní March 4 ó ṣubú lórí pápá láàárín ìdíje, ó sì kú lọ́jọ́ yẹn, ọkàn ẹ̀ ló ní ìṣòro. Hank yìí, bó ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó, bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń fún èèyàn jù lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ṣe fáùlù sí i, òun gan-an ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì jù ú. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ Bo Kimble, tí wọ́n jọ wá láti Philadelphia, sọ pé nínú ìdíje NCAA tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ìdíje ńlá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì lòun máa fi ju àkọ́kọ́ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó máa kọ́kọ́ jù ú, ó wọlé. Tíìmù yẹn bá eré náà dé ibi tó ku tíìmù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi àwọn tó wò ó lónìí, ọwọ́ òsì yẹn ni wọ́n máa sọ. Ilé ìwé náà ti gbé jẹ́sì nọ́ńbà 44 ẹ̀ kọ́, wọ́n ti gbẹ́ ère ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló dáa, síbẹ̀ kò sí èyí tó sọ irú èèyàn tí Hank jẹ́ tó ọwọ́ òsì tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lò: ẹni tí nǹkan ò rọrùn fún tó wá ọ̀nà mìíì.

Báwo lẹ ṣe máa rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́ pẹ̀lú. Ẹ bi dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó ń gbé yín lọ ìdíje, ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú pápá, ẹ bi ọmọ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì tí kì í ṣeré ìdárayá rárá, ẹ bi tíìmù tẹ́ ẹ jọ ń figagbága pàápàá. Ẹ fún kálukú ní ìwé pélébé kan, ẹ má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni, torí "ó dáa, ó níwà" ni gbogbo wọn máa kọ. Ẹ bi wọ́n pé: kí lo rí i tó máa ń ṣe? Bí ọ̀rọ̀ kíkọ bá ṣòro fún ẹnì kan, kó gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kí ìrántí tó máa parẹ́, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ sí gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún ẹbí, ọ̀kan fún ilé ìwé.

Nínú ìwé pélébé tiwa, ẹni mẹ́fà kọ nǹkan kan náà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí ọmọ yìí bá ti fún ẹni kẹrin ní igi rílèè, tí ọ̀nà sì ti dá, kì í jókòó bíi tàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ńṣe ló máa gba àárín pápá kọjá, á tún máa sáré, ó ti rẹ̀ ẹ́ o, á sáré lọ síbi tí eré ti ń parí. Eré á ti parí kó tó débẹ̀, kò lè bá a. Ó kàn fẹ́ wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ dì mọ́ ẹni kẹrin ni, yálà a gbégbá orókè tàbí a ṣe ìkẹyìn. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i, mi ò kà á sí nǹkan kan, kódà mo ti bá a wí rí pé kó lọ sinmi. Ohun tá a fi ń rántí ẹ̀ nìyẹn. Bí rílèè bá ti parí, tí ọ̀nà ti dá, àwọn mẹ́ta tó kù máa gba àárín pápá sáré lọ bá ẹni kẹrin. Kò ná wa ní kọ́bọ̀, kò sì ní ká dúró de ọdún kan.

Ti ọjọ́ ìrántí gan-an kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún rẹfirí àtàwọn tẹ́ ẹ jọ fẹ́ gbá ṣáájú, kó má bá wọn lójijì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan tó, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa wo aago torí ìṣẹ́jú kan gùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ fáwọn ọmọdé. Kí gbogbo ètò má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tó bá ní òun ò lè sọ̀rọ̀, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré.

Ẹ má kánjú lórí nọ́ńbà jẹ́sì. Nígbà tí Marc-Vivien Foé, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Cameroon tó ń gbá fún Manchester City, kú lórí pápá ní June 26, 2003, Manchester City ò fún ẹlòmíì ní nọ́ńbà 23 mọ́, ìyẹn dáa fún kílọ́ọ̀bù ńlá. Ilé ìwé yàtọ̀, àwọn ọmọ ń wọlé wọ́n ń jáde, tó bá fi máa di ọdún mẹ́wàá ẹni tó ń rí jẹ́sì yẹn lára ògiri lè má mọ ẹni tó ni ín. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ gbé e kọ́ títí sáà yẹn á fi parí, kẹ́ ẹ wá bi ẹbí bóyá wọ́n á fẹ́ kí ọmọ kan máa wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún, kó jẹ́ pé kó tó wọ̀ ọ́ á ti ka àwọn ìwé pélébé yẹn.

Ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí èyí torí mo ṣe àṣìṣe ńlá níbẹ̀. Mo mú ọmọ kan, mo ní òun ló máa sá ipò kẹta báyìí, mo kàn sọ ọ́ báyẹn lójú gbogbo wọn. Ọmọ náà sáré dáadáa, kò sọ nǹkan kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni màmá ẹ̀ pè mí pé kì í sùn lóru mọ́, ó ń sọ pé òun jí ipò òkú. Ẹ pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bi í bóyá ó fẹ́, ẹ sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ní kó sáré bíi tẹni tó kú. Tó bá ṣeé ṣe, kí àwọn òbí ẹni tó kú fẹnu ara wọn sọ fún un pé àwọn fọwọ́ sí i. Màmá ọmọ tiwa ló wá sí pápá fúnra ẹ̀, ó so okùn bàtà ọmọ yẹn fún un, ó ní, "Sáré tìẹ o, ọmọ mi." Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá owó jọ, kí ó ju ẹnì kan lọ tó ń fọwọ́ sí akáǹtì, ẹ sọ ohun tí owó wà fún kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀ kan, kẹ́ ẹ sì máa sọ iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pé apá yín ò ní ká lọ́dún tó ń bọ̀.

Bó bá jẹ́ ọkàn ló pa ọmọ náà, tí ẹbí sì gbà, ẹ jẹ́ kí gbogbo tíìmù kọ́ CPR lórúkọ ẹ̀, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti dúró. Kò ṣòro: àárín àyà ni wọ́n ń tẹ̀, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ẹ̀ẹ̀ 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kẹ́nì kan ti máa pe ìrànwọ́, kẹ́lòmíì sáré lọ gbé AED, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìlo ẹ̀rọ yẹn ń dín ìrètí pé ẹni náà á yè kù ní nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ayé rí i ní June 12, 2021 nígbà tí Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù Denmark, ṣubú nínú eré Denmark àti Finland, àyà tí wọ́n tètè tẹ̀ àti ẹ̀rọ yẹn ló dá ẹ̀mí ẹ̀ padà. Ilé ìwé tó bá ní AED, ẹ rí i pé kò sí lábẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ náà ló gbẹ̀mí ara ẹ̀, ẹ bọlá fún un bíi tẹlòmíì, àmọ́ ẹ má ṣàlàyé bó ṣe ṣe é fún ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ní ibi ìrántí, kẹ́ ẹ sì dárúkọ àgbàlagbà tí àwọn ọmọ lè lọ bá nígbàkigbà.

Oṣù kẹta síkẹfà lẹ́yìn ikú ọmọ ni ilé máa ń dá jù. Gbogbo èèyàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́, fóònù ò dún mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí ẹ̀ sórí fóònù yín báyìí, ẹ kọ ọjọ́ tó yẹ kó jáde ilé ìwé, ẹ kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà tuntun. Tọ́jọ́ náà bá pé, ẹ pè wọ́n, ẹ dárúkọ ọmọ náà, ẹ má bẹ̀rù pé ẹ máa rán wọn létí, ṣebí wọn ò gbàgbé tẹ́lẹ̀. Tí wọn ò bá gbé e, ẹ fi ohùn sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá lọ́jọ́ ìbí ẹ̀ mo pe màmá ẹ̀, a dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí, "Kóòṣì, ṣé wọ́n ṣì ń gba àárín pápá?" Mo ní, "Wọ́n ń gbà á, Mà. Lánàá pàápàá." Ó ní kí n ṣe fídíò ẹ̀ fún òun lọ́jọ́ Sátidé.