Ẹ Má Jẹ́ Kí Àgbàrá Gbé Omi Kànga Yín Lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ Òṣú, Ìbòdì àti Ìfẹ̀wàrà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kànga lẹ́yìnkùlé nílùú Iléṣà. Kànga tó máa ń gbẹ ní oṣù kejì sí oṣù kẹta ni mo fẹ́ bá yín sọ. Tiwa gbẹ lọ́dún kan báyìí, ike ìfami kan ìsàlẹ̀ ó dún gbàà, ẹrẹ̀ pupa ló gbé wá, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹwàá tó ṣáájú ẹ̀ àgbàrá fẹ́ẹ̀ wọ yàrá bá wa. Ibo ni gbogbo omi yẹn wá lọ?

Àbúrò mi kan ń gbé Saskatchewan ní Kánádà, òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n ronú sí i. Snow ló ń bọ́ níbẹ̀, kìí ṣe yìnyín tó máa ń han páànù wa léèmọ̀ níbẹ̀rẹ̀ òjò o, tiwọn rọ̀ bí òwú, atẹ́gùn sì lè gbé e kúrò lóko pátápátá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kìí gé àlìkámà wọn délẹ̀, wọ́n á fi pòpórò ẹ̀ sílẹ̀ lóòró kó lè mú snow náà dúró, àwọn míì gbin igi lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn míì fi pákó alálàfo ṣe ọgbà. Snow ínǹṣì mẹ́wàá tó bá yọ́, omi ínǹṣì kan péré ló sábà máa ń dà, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó lọ. Ilẹ̀ wọn á ti dì gbagidi nígbà yẹn, omi ò rọrùn láti wọlé, torí ẹ̀ ni kòtò inú oko fi ṣe pàtàkì, ibẹ̀ ni omi snow máa ń rọ́ sí, á dúró títí ilẹ̀ á fi rọ̀, á wá máa rìn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òjò àti snow wọn lọ́dún, ká pa á pọ̀ ní Saskatoon, kò tó 400 mílímítà. Tiwa ju 1,200 lọ! Ẹ ò rí i pé omi ò wọ́n wa, kò kàn rí ibi dúró ni.

Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa ní Iléṣà àti Ifẹ̀. Omi kànga wà nínú erùpẹ̀ àti àpáta tó ti jẹrà lókè àpáta líle, àti nínú ibi tí àpáta ti sán. Òjò ló ń kún un, kò sí odò ńlá kankan tó ń ṣàn nísàlẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń sọ, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè ná owó borehole tabua síbi tí àpáta ò ti sán kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan.

Lóko, ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ má dáná sun pòpórò àgbàdo mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tò ó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, á mú àgbàrá rọra rìn. Ebè náà, ẹ má kọ ọ́ láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀, gọ́tà lẹ fọwọ́ yín là fún àgbàrá yẹn, ẹ kọ ọ́ dábùú. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin kẹ́ ẹ fi erùpẹ̀ dí poro, kí ìdínà náà má ga tó ebè, kí omi tó bá pọ̀ jù lè gba orí ẹ̀ kọjá dípò kó fọ́ ebè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ gbin ewé tíì tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí ìlà ìdábùú náà, ẹ̀ẹ́ tún rí i tà. Àmọ́ kìí ṣe ní àkùrọ̀ o, omi ti pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀gẹ́ yín á jẹrà sínú ilẹ̀.

Nílé ńkọ́? Òjò mílímítà kan lórí páànù tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, lítà kan ni. Ilé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 8, òjò mílímítà 25 á da nǹkan bí 2,000 lítà lé e, dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó bá tiẹ̀ dànù díẹ̀. Ẹ pọn tí ẹ máa lò, kẹ́ ẹ darí ìyókù sínú kòtò: mítà kan ààbọ̀ níbùú, kó jìn dé àyà, òkúta ńlá nísàlẹ̀, yangí láàárín, iyanrìn lókè. Òjò méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́dún, ẹ jẹ́ kó lọ, ìgbẹ́ aláǹgbá àti eruku ọyẹ́ ló ń fọ̀.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbẹ́ kòtò yìí sí ló le jù. Kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé tó mítà márùn-ún, kó sì jìnnà sí ṣálángá tó mítà 30, torí omi yẹn lè ti ìdọ̀tí ṣálángá lọ sínú kànga. Àgbàrá títì, ti ìsọ̀ mẹkáníìkì, ti oko tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn koríko sí, ti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ẹ má darí ìkankan síbẹ̀. Ẹ má sì fi páìpù da omi páànù sínú kànga tààrà láéláé, mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn, ṣùgbọ́n yangí àti iyanrìn yẹn ló ń sẹ́ ẹ. Omi kànga tẹ́ ẹ máa mu, ẹ ṣì sè é sha.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ta kókó sí okùn ní ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ so òkúta mọ́ ọn, ẹ sọ ọ́ sínú kànga láàárọ̀ kùtù kẹ́nikẹ́ni tó fami, ẹ ka iye kókó láti ẹnu kànga dé ibi tí omi wà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, lóṣooṣù, kẹ́ ẹ tó gbẹ́ kòtò àti lẹ́yìn ẹ̀. Èédú ni mo fi ń kọ tèmi sára ògiri ilé ìdáná tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nù, inú ìwé ni mo ń kọ ọ́ sí báyìí.