Bí a ṣe ń ròyìn àbájáde ìwádìí sáyẹ́ǹsì fún ará ìlú

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Adó-Èkìtì, tàbí kí ẹ tó dìde níwájú àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ara ta ni wọ́n ti dán ohun náà wò?

Mo ti ṣì í sọ rí. Mo ní omi ewúro ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, mo sì gbàgbé láti fi kún un pé ara eku ni ìwádìí tí mo kà ti rí i. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ mú káàdì ọsibítù rẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n wá pa oògùn àtọ̀gbẹ yìí tì?" Láti ọjọ́ náà, eku ni mo kọ́kọ́ ń dárúkọ kí n tó dárúkọ ewúro.

Ibi ìṣirò ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù. Ní oṣù Kẹwàá 1995, wọ́n kìlọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tuntun kan sọ ewu ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú 7,000 obìnrin tó ń lo irú ti tẹ́lẹ̀, ẹni 1 ló ń ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ẹni 2 ni nínú 7,000 tó ń lo ti tuntun. Ọ̀pọ̀ obìnrin sá fún oògùn náà, oyún ṣíṣẹ́ sì pọ̀ sí i lọ́dún tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, ẹ ka orí ènìyàn fún wọn. Ẹni tó ń fi ẹnu ka iṣu lọ́jà kò nílò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ sọ ẹni tó náwó sí ìwádìí náà, kí ẹ sì sọ bóyá ìwádìí kan ṣoṣo yìí ló rí bẹ́ẹ̀ tàbí àwọn onímọ̀ mìíràn ti tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ará Ìkọ̀lé ni ẹ gba ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ padà lọ bá, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lórí rédíò bí àlejò.

Ní ìparí, ẹ ní kí ẹnìkan tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì tirẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín. Bí "ó ṣeé ṣe kó ràn wá lọ́wọ́" bá ti di "ó ń wò ó sàn" lẹ́nu rẹ̀, ẹ padà lọ tún ọ̀rọ̀ náà kọ.